Mo fẹ́ ra Lincoln Continental àtijọ́: ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó sanwó

ỌmọÈkìtì_Dallas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Dallas ni mò ń gbé. Mo fẹ́ ra Lincoln Continental àtijọ́, irú èyí tí ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn ń kọjú síra wọn tí wọ́n bá ṣí wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ máa fi gbé ìyàwó àti ọkọ níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wa tó wà níbí. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tó wé gèlè máa ń jìyà kó tó ráyè wọ ọkọ̀ òde òní. Ilẹ̀kùn Lincoln yìí fẹ̀, ọ̀nà tó sì ń gbà ṣí máa jẹ́ kó jókòó wẹ́rẹ́.

Méjì ni mo ti rí. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún 1962, òrùlé rẹ̀ kì í ká. Ìkejì jẹ́ ti 1966, wọ́n ní òrùlé rẹ̀ ń ká, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo fẹ́ mọ ìtàn ọkọ̀ yìí láti ìdí rẹ̀, kí n sì mọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá mi sọ ọ́.

Bàbá_Dearborn

Ọmọ mi, o káre tí o béèrè ìtàn ṣáájú owó. Ìtòsí ilé iṣẹ́ Ford ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gidigidi, nítorí náà fi sùúrù kà á.

Henry Leland tó dá Cadillac sílẹ̀ ní 1902, òun àti Wilfred ọmọ rẹ̀ náà ni wọ́n dá Lincoln sílẹ̀ ní 1917. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Liberty ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ààrẹ Abraham Lincoln ni ẹni tí Leland kọ́kọ́ dìbò fún láyé rẹ̀, ní 1864, orúkọ rẹ̀ ló sì sọ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí ogun parí, wọ́n bọ́ sórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àmọ́ owó kò wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 1922, Henry Ford ra ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 8 dọ́là, ó sì fi Edsel ọmọ rẹ̀ ṣe alábòójútó rẹ̀.

Edsel yìí ni kó o gbájú mọ́. Ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà ni bàbá rẹ̀ ń wá, ẹwà ni òun ń wá. Nígbà tí 1938 ń parí lọ, ó ní kí Bob Gregorie ya ọkọ̀ kan fún òun fúnra òun, tí òun yóò máa gùn nígbà ìsinmi ní Palm Beach ní Florida. Ó fẹ́ kó rí bí ọkọ̀ àwọn ará Yúróòpù. Gregorie mú Lincoln Zephyr, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó na bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì gbé táyà àfipamọ́ dúró síta lẹ́yìn búùtù. Ibi tí Edsel gbé e dé ní Florida, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀. Bí Continental ṣe di ọjà títà nìyẹn, mọ́dẹ́ẹ̀lì 1940 ló sì ṣáájú. Ẹ́ńjìnnì V12 ló wà nínú rẹ̀.

Ogun dá iṣẹ́ dúró ní 1942. Edsel kú ní 1943, ẹni ọdún 49 péré. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1946, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 1948. Ní 1956 ni William Clay Ford, àbíkẹ́yìn Edsel, gbé orúkọ náà dìde padà pẹ̀lú Continental Mark II. Bíi 10,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó Rolls-Royce. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan lára rẹ̀. Elvis Presley ní ọ̀kan. Àmọ́ bí ó ti dára tó, ẹni tó ṣe é ń pàdánù lórí rẹ̀, wọn ò sì ṣe ju bíi 3,000 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1957. Fún èmi o, kò sí ọkọ̀ Amẹ́ríkà kankan nígbà náà tó níyì ju Mark II lọ. Àmọ́ ìyẹn kọ́ lo fẹ́ rà.

ỌmọÈkìtì_Dallas

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Báwo wá ni wọ́n ṣe ti ibẹ̀ dé orí èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin yìí? Wọn ò jọra rárá.

Onítàn_Maryland

Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti dùn jù.

Láàárín 1958 sí 1960, ọkọ̀ Lincoln tóbi kọjá àlà. Ti 1958 gùn tó íǹṣì 229. Ọjà kò gbà á, gbèsè ń gorí gbèsè. Robert McNamara tó jẹ́ ọ̀gá ńlá ní Ford nígbà náà kì í ṣe ẹni tí ẹwà ọkọ̀ ń dá lára yá. Ìṣirò ni tirẹ̀, ìṣirò sì sọ fún un pé kí wọ́n pa Lincoln rẹ́ pátápátá. Nínú iyàrá kékeré kan, Elwood Engel, ayàwòrán ọkọ̀ ní Ford, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi amọ̀ mọ ọkọ̀ kan, tí wọ́n fẹ́ kó di ọkọ̀ Ford tí wọ́n ń pè ní Thunderbird, ti 1961. Ọkọ̀ ẹlẹ́kùn méjì ni. Àwọn mìíràn ló borí fún Thunderbird. McNamara rí ti Engel níbẹ̀, ó sì béèrè bóyá wọ́n lè nà án kó gba ilẹ̀kùn mẹ́rin. Wọ́n nà án. Bí Lincoln ṣe bọ́ lọ́wọ́ ikú nìyẹn.

Ní ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Ọkọ̀ náà kúrú débi pé nígbà tí àwọn ẹnjiníà ń dán ti àkọ́kọ́ wò, ẹsẹ̀ wọn ń kọ́ ilẹ̀kùn bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n wá so ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹ̀yìn dípò iwájú, ọ̀nà sì là. Àwọn òyìnbó tó ń tà á báyìí ń pè é ní suicide doors, orúkọ tí o máa fi rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ti 1961 fi bí íǹṣì 15 kúrú sí ti 1960. Kò sí ìrù, kò sí ìwo, kò sí irin dídán tó kún gbogbo ara. Ìlà kan ṣoṣo tó gún régé ló ti iwájú lọ dé ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ohun èlò ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó yà á ní àmì ẹ̀yẹ bàbà lọ́dún náà, ohun tí wọn kì í sábà fún ọkọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ tó: bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ́ńjìnnì tó wọ ọkọ̀, wọ́n á tàn án fún wákàtí mẹ́ta, kó máa yí ní 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tú u, wọ́n á yẹ inú rẹ̀ wò, kí wọ́n tó tò ó padà. Bí ọkọ̀ bá parí, wọ́n á wà á ní nǹkan bíi máìlì 12 kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Wixom, Michigan. Wọ́n wá fún oníbàárà ní wáráńtì ọdún 2 tàbí máìlì 24,000, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò fúnni ju ọdún kan lọ. Ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì fi ń rìn dòní nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ yẹn fi ń tà káàkiri, McNamara ti kúrò ní Ford. Ó ti di mínísítà ètò ààbò fún Ààrẹ Kennedy ní oṣù kìn-ín-ní 1961.

ỌmọÌbàdàn_Chicago

Ẹ ti dárúkọ Kennedy, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún arákùnrin wa tó wà ní Dallas níbẹ̀, torí ìlú yẹn gan-an ni àwọn tó ń tà á ti máa ń fi orúkọ rẹ̀ gbówó lórí ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti yìnbọn pa á ní November 22, 1963 wà ní musíọ̀mù Henry Ford ní Dearborn, kò sí ibòmíràn. Continental 1961 ni, tí òrùlé rẹ̀ ń ká. Ilé iṣẹ́ Hess & Eisenhardt ní Cincinnati gé e sí méjì, wọ́n sì fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ kún gígùn rẹ̀. Ford kò ta á fún ìjọba. 500 dọ́là lọ́dún ni wọ́n fi ń yá wọn. Òrùlé oníke tó ṣeé yọ wà fún un, àmọ́ kì í dá ìbọn dúró, wọn ò sì fi í bò ó lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn ò sọ ọkọ̀ náà nù lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi irin àti dígí tó ń dá ọta dúró sí i, wọ́n fi òrùlé tí kì í ṣí bò ó, wọ́n kùn ún ní dúdú, àwọn ààrẹ tó tẹ̀ lé e sì lò ó títí di 1977.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kó o fi owó lé e torí pé "irú ti Kennedy" ni, kí ló ń tà fún ọ? Gbogbo Continental 1961 tí òrùlé rẹ̀ ń ká ni irú ti Kennedy. Ìlú tiwa níbí náà ní tirẹ̀: Lehmann-Peterson ní Chicago ló ṣe Lincoln gígùn tí Póòpù Paul Kẹfà gùn ní New York ní oṣù kẹwàá 1965.

Mẹkáníìkì_Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìtàn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa abẹ́ ọkọ̀, torí ọkọ̀ àtijọ́ ni iṣẹ́ mi.

Àbúrò, ìpẹtà ni kó o kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ yìí kò ní ṣáásì lọ́tọ̀ láti 1961 títí dé 1969. Ara rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, bí eegun ẹ̀yìn ẹja ṣe so mọ́ ara ẹja. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, àti abẹ́ búùtù, agbára ọkọ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì sí ọ̀dà tó lè dá a padà. Rí i pé wọ́n gbé e sókè kó o lè wọ abẹ́ rẹ̀. Mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, amọ̀ tí páńẹ́ẹ̀lì-bítà fi dí ihò ló wà níbẹ̀. Ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o sì tì wọ́n. Tí ilẹ̀kùn bá ń já wálẹ̀ tàbí tí àlàfo àárín wọn kò dọ́gba, bi ara rẹ pé kí ló tẹ̀.

Bíréèkì: ọkọ̀ yìí wúwo tó 5,000 pọ́ùn. Láti 1965 ni bíréèkì díìsì ti wà níwájú rẹ̀. Ti 1961 sí 1964, dúróòmù ni yípo. Títí dé 1966, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ti omi bíréèkì lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì ló lọ. Láti 1967 ni wọ́n ti pín in sí ọ̀nà méjì. Èyíkéyìí tó o bá rà tó ṣáájú ìgbà yẹn, jẹ́ kí wọ́n yí i padà sí alọ́nà-méjì kó o tó gbé ìyàwó ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Mi ò ní í dákẹ́ lórí èyí.

Wáípà rẹ̀ kì í lo iná. Omi inú sítíárìn ló ń yí i. Tó o bá rí òróró tó ń kán lábẹ́ wínsikíìnì, ibẹ̀ ni kó o wò. Lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn rẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń tì í. Rọ́bà kékeré kan tó bá là, lọ́ọ̀kù kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò wọ́n láti tún ṣe, wíwá ibi tó ti là ló ń gba àkókò. Àwọn páìpù rọ́bà tó ń gbé bẹntiróòlù náà, pààrọ̀ gbogbo wọn. Epo òde òní ní ọtí ethanol nínú, ó ń jẹ rọ́bà àtijọ́.

Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká ni mo fi sẹ́yìn, torí ó gba ọ̀rọ̀. Kò rọrùn bí ènìyàn ṣe rò. Bó o bá tẹ bọ́tìnì, ìdérí búùtù á kọ́kọ́ ṣí láti iwájú sí ẹ̀yìn, òrùlé á dìde, á ká ara rẹ̀ wọ inú búùtù, ìdérí á sì padà bò ó. Mọ́tò iná, pọ́ńpù omi, àti ọ̀pọ̀ relay àti suwíìṣì ló ń ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bá parí tirẹ̀. Suwíìṣì kan ṣoṣo bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ á dúró ní àárín òfuurufú. Oníríwáyà lásán kò lè tún un ṣe. Wá ẹni tó ti ṣe é rí. Má sì san kọ́bọ̀ kan títí òrùlé yóò fi ṣí tí yóò sì padà ní ojú rẹ.

ÌyáAláṣọ_Atlanta

Mẹkáníìkì, Ọlọ́run á bù kún yín. Èmi ń rán aṣọ ìyàwó, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ onímọ́tò ìgbéyàwó ṣiṣẹ́. Àbúrò mi, gbọ́ tèmi: tí òrùlé bá ti ká wọ inú búùtù, àyè ẹrù kò kù níbẹ̀ mọ́. Níbo lo máa kó aṣọ tí ìyàwó máa pààrọ̀, ìbòjú, bàtà, àti àpótí alága ìjókòó sí? Àti pé atẹ́gùn kò mọ gèlè. Ìyàwó tó bá fi ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣí rìn lójú ọ̀nà ńlá, kí ló kù lórí rẹ̀ tó bá dé ilé ìjọsìn?

Èyí tí òrùlé rẹ̀ kì í ká ló bá iṣẹ́ tìrẹ mu. Láti 1964, wọ́n na àárín táyà láti íǹṣì 123 sí 126, ẹ̀yìn ló sì jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ìyàwó àti ọkọ máa jókòó láìsí pé agbádá ń fún pọ̀. Tún bi àwọn tó ń ṣe ìbánigbófò pé ìgbéyàwó lo fẹ́ fi ṣe. Ìbánigbófò ọkọ̀ àtijọ́ lásán kì í sábà gba ẹni tó ń fi í pawó. Bẹ́líìtì ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ kò pàṣẹ rẹ̀ fún ọkọ̀ tuntun títí di 1968. Fi sí ẹ̀yìn.

Onítàn_Maryland

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn ọdún náà kó lè mọ èyí tó ń wò. Dígí ẹ̀gbẹ́ ti 1961 sí 1963 tẹ̀, ti 1964 tẹ́jú. Láti 1963 ni alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ti dé. 1966 ni ọkọ̀ náà tún gùn sí i, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ sì kúrò ní íǹṣì kúbíìkì 430 sí 462. Ọdún yẹn náà ni ẹlẹ́kùn méjì padà. 1967 ni wọ́n ṣe èyí tí òrùlé ń ká gbẹ̀yìn. 1969 ni ìparí ilẹ̀kùn tó ń kọjú síra nínú ìran ọkọ̀ yìí. Èmi ò ní í parọ́, 1961 ni ayaba gbogbo wọn lójú mi. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà kò mú un lẹ́wà sí i.

Mẹkáníìkì_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹwà kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. 1965 ni kó rà bó bá rí i. Bíréèkì díìsì, àyè ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì 430 tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa.

Bàbá_Dearborn

Ẹ̀yin méjèèjì jàre. Ọmọ mi, ṣáájú ohunkóhun, wo nọ́ńbà ṣáásì. Ó wà lórí àwo irin kékeré ní ìhà ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ọdún: 2 fún 1962, 6 fún 1966. Lẹ́tà Y ni Wixom. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e ni irú ọkọ̀: 82 ni ẹlẹ́kùn mẹ́rin tí òrùlé rẹ̀ kì í ká, 86 ni èyí tó ń ká. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ẹ́ńjìnnì: H fún 1961 àti 1962, N fún 1963 sí 1965, G fún 462. Kọ wọ́n síbí bó o bá rí wọn.

ỌmọÈkìtì_Dallas

Bàbá, mo ti lọ. Ti 1962 bẹ̀rẹ̀ báyìí: 2Y82H. Ti 1966 tí wọ́n ń pè ní ti òrùlé tó ń ká: 6Y82G. Nígbà tí mo ní kí ẹni tó ń tà á ká òrùlé náà fún mi, ó ní wọ́n ti yọ mọ́tò rẹ̀ lọ tún ṣe. Ṣé 82 yẹn jẹ́ ohun tí mo rò?

Bàbá_Dearborn

Ohun tí o rò náà ni. Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kì í ká ló kúrò ní Wixom. Ẹnìkan ló gé orí rẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà.

Mẹkáníìkì_Houston

Má fọwọ́ kàn án rárá. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká ní irin tí wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, torí òrùlé wà lára ohun tó ń di ọkọ̀ tí kò ní ṣáásì mú. Èyí tí wọ́n gé lójú ọ̀nà, ó máa tẹ̀ ní àárín, ilẹ̀kùn kò sì ní tì dáadáa mọ́ láìpẹ́. Fún ilẹ̀kùn tó ń kọjú síra, ewu gidi nìyẹn: bí tẹ̀yìn bá ṣí lórí ìrìn, atẹ́gùn á fà á ṣí pátápátá.

ÌyáAláṣọ_Atlanta

Ọlọ́run ṣeun tí o béèrè. Ti 1962 yẹn ńkọ́? Ṣé o wọ abẹ́ rẹ̀?

ỌmọÈkìtì_Dallas

Mo wọ abẹ́ rẹ̀, àǹtí. Mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí mo fi kàn àyàfi igun kan lẹ́yìn táyà ọ̀tún. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì. Lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn kò ṣiṣẹ́, wáípà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ni ín kò fi orúkọ Kennedy sí i. Mẹkáníìkì, èló ni kí n yọ kúrò nínú owó tó dá lé e nítorí bíréèkì àti igun yẹn?

Mẹkáníìkì_Houston

Má tíì dárúkọ iye kankan fún un. Ya àwòrán igun yẹn láti abẹ́, kó o fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Tó bá jẹ́ awọ òde nìkan ni ìpẹtà jẹ, iṣẹ́ kékeré ni. Tó bá ti dé irin tí sípíríìnì ẹ̀yìn so mọ́, a jẹ́ pé ká tún sọ ọ́ ni. Ní ti bíréèkì, gba iye tí mẹkáníìkì itòsí rẹ máa gbà láti fi alọ́nà-méjì sí i, kó o kọ ọ́ sórí ìwé, kó o sì gbé ìwé náà lọ bá a.